Ibi Tí Adú Ti Máa Ń Dúró

Bàbá mi, ẹlẹ́ṣin Ìrókò,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Nítorí náà, mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín tí mo bá ti ìgboro Ìbàdàn dé: ẹ kú ilé o. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn pé káàbọ̀.

Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Òpin òjò èṣí ni, lẹ́nu iṣẹ́ mi gan-an. Ẹ rántí iṣẹ́ mi, tí ẹ máa ń fi rẹ́rìn-ín: mo ń kọ́ àwọn tí àìsàn ọkàn ti gbé ṣánlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa tún máa rìn, bí wọ́n ṣe máa gun àtẹ̀gùn, bí wọ́n ṣe máa padà sóko. Ẹ ní àgbàlagbà wo ló tún ń kọ́ ìrìn. Lọ́jọ́ náà, mo ń mú ìyá kan láti Olódò rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù nígbà tí nǹkan bí ọmọ ọlọ jókòó lé mi láyà. Ìyá náà ló pariwo pé, "Ẹ gbà wá o, dókítà ń ṣubú!" Ẹni tí mo ń mú lọ́wọ́ ló wá dì mí mú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun náà ń jẹun. Àwọn iṣan tín-ín-rín kan ló ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá fún un. Ọ̀kan nínú wọn dí pa lára mi, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dé mọ́ kú. Èyí tó kú níbẹ̀ kì í jí. Èyí tó ṣẹ́kù la máa ń kọ́, kó lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti òkú.

Mo wá sílé láti sinmi. Múfútàù àbúrò mi ṣì ń tọ́jú Adú bí ẹ ṣe fi í lé e lọ́wọ́. Irun imú ẹṣin náà ti ń funfun. Títí di òní, àfi kó lá iyọ̀ látẹ́lẹwọ́ ènìyàn kó tó gbà kí wọ́n di òun ní gàárì. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

Iléyá ń bọ̀. Ẹ mọ àṣà ilé wa: àkọ́bí ló ń gun ẹṣin tẹ̀lé Lèmọ́mù lọ sí Yídì, àbúrò kì í gùn ún. Àkọ́bí tó bá gbé gàárì sílẹ̀ láàyè rẹ̀, wọ́n á ti máa kà á mọ́ àwọn tó ti lọ. Láti ọdún tí a ti sin yín, èmi ni mo ń gùn ún. Mo fẹ́ gùn ún lọ́dún yìí náà. Kò tún sí ohun tí mo fẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ṣe fún ara mi bí mo ṣe ń ṣe fún aláìsàn. Mo kọ́kọ́ ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú nìkan, láàárọ̀, ìrìn tí ènìyàn á fi lè máa sọ̀rọ̀ láì mí gúlegúle. Nígbà tí ìyẹn ò ni mí lára mọ́, mo mú ìjánu Adú, mo ń fà á lọ sódò, mo ń fà á bọ̀. Múfútàù ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn.

"Bọ̀dá, nínú ẹ̀yin àti ẹṣin yìí, ta ló ń fa ta?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, kí n má baà ní kó ta ọ́ nípàá."

Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti odò wá sílé, lábẹ́ igi ọ̀dán, Adú dúró. Mo fà á, kò lọ. Ó ń ju ìrù, ó ń wo iwájú. Nígbà tó yá, ó ṣí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni.

"Ó ń dúró de Bàbá ni," Múfútàù ní. "Àbí ẹ ti gbàgbé? Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jẹ orógbó."

Mi ò gbàgbé. Ẹ máa ń jókòó lórí gbòǹgbò igi yẹn, ẹ ó máa rún orógbó, ẹ ó máa kí àwọn tó ń ti oko bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fa ẹṣin yín gòkè. Ẹ ní afẹ́fẹ́ ló há sí yín láyà, orógbó á lé e. A rò pé ẹ kàn fẹ́ràn ìkíni ni. Ṣùgbọ́n ìrora tó ń dé nígbà tí ènìyàn bá ń gun òkè, tó ń lọ nígbà tó bá jókòó, tó tún dé lọ́la níbì kan náà, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ọkàn tí ebi ń pa ni. Ẹṣin ló wá sọ fún mi, nítorí òun nìkan ló mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí tiyín tó lọ.

Ọdún mélòó lẹ fi jókòó síbẹ̀? Ṣé ẹ mọ̀? Tàbí nítorí gàárì lẹ ṣe dákẹ́, kí wọ́n má baà kà yín mọ́ òkú? Àárọ̀ tí ẹ ò jí, a sọ fún gbogbo ènìyàn pé ikú òjijì ni. Kì í ṣe òjijì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo gùn ún. Mo ti orí àpótí gùn ún, Múfútàù di ìjánu mú títí ara mi fi balẹ̀. Inú mi dùn, Bàbá, mi ò lè purọ́ fún yín. Nígbà tí a ń ti odò bọ̀, Adú bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀, mo sì jẹ́ kó máa sáré. Kí a tó dé ìdí ọ̀dán, ọmọ ọlọ náà ti padà dé.

Adú dúró. Mo fi oògùn sábẹ́ ahọ́n. Ìyá kan ń bọ̀ láti oko, ó ru gbágùúdá. "Ẹlẹ́ṣin, ẹ kú ìgbádùn o! Ẹ jọ bàbá yín gẹ́lẹ́!" Mo dá a lóhùn. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Bó ṣe rọrùn tó ló bà mí lẹ́rù.

Ìrora náà ti ń lọ nígbà tí Múfútàù lé wa bá. Mo lè gòkè nígbà náà, kó sì má sẹ́ni tí yóò mọ̀ títí Iléyá á fi kọjá.

"Múfútàù, àyà ń dùn mí."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ ti tún..." Ó wo ojú mi, ó sì di ìjánu mú.

"Mú mi sọ̀kalẹ̀."

Ní ọsibítù, wọ́n ti rí iṣan mìíràn tó ń dí. Wọn ò tíì sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, torí èmi náà máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Lánàá, mo gbé gàárì lé Múfútàù lọ́wọ́ níwájú àwọn àgbà ilé. Àbúrò yín yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé wọ́n ń gbé pósí kọjá. Múfútàù sunkún, ó ní òun ò ní gùn ún. Mo ní yóò gùn ún, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ yẹ ọkàn rẹ̀ wò, torí ọmọ yín ni òun náà.

Ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn lọ sí Yídì, tí àwọn dókítà bá gbà mí láàyè. Ìdí ọ̀dán náà ni ọ̀nà gbà. Adú máa dúró níbẹ̀, níwájú Lèmọ́mù àti gbogbo ìlú. Mo ti sọ fún Múfútàù pé kó má nà án.

Ọmọ yín, tó ti wá ń rí yín dáadáa lórí gbòǹgbò yẹn.