Àgúnmu Tó O Fi Ránṣẹ́ sí Àbúrò Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Kí ìyàwó rẹ, kó o bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Orúnkún bàbá yín ti fúyẹ́. Ẹnu wọn nìkan ni ò sinmi.

Àbúrò rẹ, télọ̀ wa, ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Dókítà ní àìsàn lúpọ́ọ̀sì tó ń ṣe é yìí, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó ṣọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ àrùn ló ń bá ara náà jà. Oòrùn a máa ru ú sókè, ìyẹn la ṣe gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé. Ó ń sinmi lọ́sàn-án, ó ń rìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ara sì ń tù ú.

Àfi ìgbà tí àgúnmu rẹ dé, èyí tó o ní ó ń fún ara lágbára. Ló bá pa oògùn dókítà tì. Ọwọ́ rẹ̀ wú, kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Dókítà ní ó jọ pé àwọn ọmọ ogun yẹn là ń fi àgúnmu náà bọ́, tí wọ́n fi ń lágbára sí i.

Mo fẹ́ dà á nù; ọwọ́ wíwú náà ló fi gbá ike rẹ̀ mọ́ àyà: "Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́."

Jọ̀ọ́, pè é. Fẹnu ara rẹ sọ pé kó dà á nù, kó padà sí oògùn rẹ̀. Fìlà tó máa bo ojú rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn ni kó o rà. Ọlọ́run á ṣọ́ yín, kò sì ní jẹ́ kí ìfẹ́ rẹ pa á lára.

Ìyá rẹ