Ọpẹ́ Tí Ẹ Lọ Dá ní Olúpọ̀nnà

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà, èmi tí orúnkún mi ṣì le. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ti ń ṣe baba fún wa láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá àwọn tó bá yín jáde síwájú lọ́jọ́ tí ẹ ń dúpẹ́ nítorí mi. Ọpẹ́ yẹn àti èyí tí ẹ lọ dá ní Olúpọ̀nnà ni mo torí wọn kọ̀wé. Gbangba lẹ ti dá a, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ èsì mi náà jáde ní gbangba, kí àwọn ọmọ Ìwó tó wà lẹ́yìn odi lè kà á. Orúkọ tí mo máa pe ọkùnrin náà níbí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin kúkú mọ̀ ọ́n.

Màámi, ọ̀rọ̀ yìí rí mi lára. Ó ti ń lọ bí oṣù mẹ́ta báyìí, mo ṣì ń tutọ́ tí mo bá rántí.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílùú òyìnbó níbí. Ilé ìfọṣọ ni. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì àti ti ilé àwọn arúgbó ni wọ́n ń kó wá, ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀: èyí tí ìtọ̀ wà lára rẹ̀, èyí tí èébì wà lára rẹ̀, èyí tí mi ò ní sọ ohun tó wà lára rẹ̀ torí ẹ lè máa jẹun lọ́wọ́. Inú ilé ń gbóná bí ààrò, ìta sì ń tutù débi pé èèyàn á fọwọ́ kan imú rẹ̀ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti wọ̀. Tí mo bá wà nílé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó lè jẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́ kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ẹni tó ń pè mí ní àbúrò, ẹ má bi mí ìdí tí mo fi yọ̀.

Bọ̀dá Délé ló ni ilé iṣẹ́ náà, ọmọ Olúpọ̀nnà. Ọjọ́ tó gbọ́ pé Ìwó ni mo ti wá, ó ní kí n má pe òun ní ọ̀gá láéláé, pé ẹ̀gbọ́n lòun jẹ́ sí mi, pé Ìwó sí Olúpọ̀nnà, ẹ̀yìnkùlé ara wọn ni. Èmi fúnra mi ni mo fún un ní nọ́ńbà yín, kó lè máa kí yín tí ọdún bá dé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Nígbà tí òyìnbó tó ń ṣe alábòójútó wa fẹ̀yìn tì, Bọ̀dá Délé pè mí, ó ní èmi lòun fẹ́ fi sípò rẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà sí mi. Èmi ni màá máa ṣílẹ̀kùn láago márùn-ún ìdájí, èmi ni màá máa pín iṣẹ́ fún èèyàn mẹ́rìnlá, èmi ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì á máa pariwo mọ́ bí aṣọ wọn bá sọnù. Mo béèrè owó oṣù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gba ipò ná, pé ṣé ará òde làwa ni. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi rò ó, mi ò mú kọ́kọ́rọ́.

Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ fi owó náà ṣe. Dókítà tó yẹ orúnkún yín wò ní Ìbàdàn ti ní iṣẹ́ abẹ ni, pé bí ẹ bá ń fi ọ̀pá tì í báyìí, èkejì náà máa bàjẹ́. Owó tí mò ń gbà, tí mo bá san owó ilé àti ti iná tán, oògùn ìrora yín nìkan ló lè rà. Mo wádìí iye tí òyìnbó yẹn ń gbà. Mo kọ ohun tí mo máa sọ sínú ìwé, mo ń kà á nínú bọ́ọ̀sì bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Àṣé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó pè mí náà ló pè yín. Ó ní òun ti fi ọmọ yín ṣe olórí, àní olórí àwọn òyìnbó. Kò sọ ti owó, ẹ̀yin náà ò béèrè. Ẹ kígbe ayọ̀, àwọn aládùúgbò sáré wá. Ẹ ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀yin àti Bàbá Kékeré di isu mẹ́wàá àti gálọ́ọ̀nù epo kan, ó di Olúpọ̀nnà, ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ ò pè mí. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó yà mí lẹ́nu. Ó yà mí lẹ́nu lóòótọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ pé, mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tèmi tìwé mi. Mo ní mo gbà láti ṣe é, kí owó náà ṣáà ti bá iṣẹ́ mu. Mo dárúkọ iye. Kò tiẹ̀ bínú. Ó kàn mú fóònù, ó gbé e síwájú mi. Màámi, ẹ̀yin ni mo rí. Ẹnì kan nílé ìyá rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà ló ya fídíò náà. Ẹ wà lórí sìmẹ́ǹtì ìta, ọ̀pá yín wà nílẹ̀, Bàbá Kékeré di apá yín mú, ẹ ń kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lẹ kọ́kọ́ fi kanlẹ̀. Mo rí bí ojú yín ṣe fún pọ̀, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ lẹ wà tí ẹ ń wúre fún ọmọ wọn, títí obìnrin yẹn fi ní kí ẹ dìde. Kò sì tètè sọ ọ́.

Bọ̀dá Délé ní ṣé mo rí i báyìí, àwọn àgbà mi ti dúpẹ́. Ó ní níbo ni wọ́n ti ń dúpẹ́ tán tí wọ́n tún ń padà wá nájà nílẹ̀ wa? Ó ní ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi èékánná tayín. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ká aṣọ tí àìsàn ti bà jẹ́, nǹkan kan ò tíì rí mi lára tó orúnkún yín nínú fóònù ọkùnrin yẹn.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé kò parọ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ti dúpẹ́ ti gbà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ìyá mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni? Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo jáde.

Ẹ má bínú sí mi, Màámi, àmọ́ ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ rántí ilé ìwé tí ẹ ti dáná. Ọdún mọ́kànlá ni kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ fi wà lọ́rùn yín, tí wọ́n ń pè yín ní olórí, owó oṣù yín ò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń fọ abọ́. Ọjọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì, aago ara ògiri ni wọ́n fún yín. Ẹ dúpẹ́ nígbà yẹn náà. Ìdúró inú ilé ìdáná yẹn ló jẹ orúnkún yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é nítorí ojú yín, lówó tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, mo dúró níwájú ilẹ̀kùn ní ìdájí, ọwọ́ mi kú, mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́. Aago ara ògiri yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí Bọ̀dá Délé dé, mo kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì rẹ̀. Ó ní kí lòun fẹ́ sọ fún Màámi. Mo ní kó sọ ohun tó bá wù ú. Ó ní aláìmoore ni mí, pé mo ti ba orúkọ Ìwó jẹ́. Ṣíọ̀! Ìwó tó fún un nísu jẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló pe Ánà, obìnrin ará Póláǹdì kan tí a jọ ń ká aṣọ. Mi ò tíì ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá tó fi jáde, tòun ti kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí a ń wọ kóòtù, mo bi í nípa owó, kò fi pa mọ́ fún mi. Iye tí mo béèrè gan-an ni, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Ó ní òun béèrè ni, ọ̀gá sì gbà. Mo ní ṣé kò sọ nǹkan mìíràn. Ó wò mí bíi pé ara mi ò yá. Kí ni yóò sọ? Kò ní nọ́ńbà ìyá Ánà.

Mi ò jowú rẹ̀. Mo ti ń wáṣẹ́ síbòmíràn. Iṣẹ́ abẹ yín máa pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ mi ò tíì jáwọ́. Bàbá Kékeré ní ojú ń tì yín láti ìgbà tí mo ti sọ fún yín, pé ẹ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Olúpọ̀nnà mọ́. Ẹ jẹ́ kó tán nínú yín. Isu tó lọ ti lọ, ire tí ẹ wú fún un, Ọlọ́run mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gbé e lọ.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jèrè ọmọ. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ yín méjèèjì rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìtilẹ̀, lójú mi. Ẹ bá mi kí tẹrú tọmọ nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún pè yín pé òun ti gbé ọmọ yín ga, Màámi, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èló. Tó bá ní ọpẹ́ lòun ń retí ná, ẹ sọ fún un pé orúnkún ń dùn yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjọkẹ́