Ohun tí Mo Fi Ṣe Orogún Mi Lọ́ṣọ̀ọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

N kò mọ̀wé. Ìyàwó ọmọ mi ló ń kọ eléyìí, èmi ni mò ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi oyin sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Kó kọ ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni. Èyí tó tóbi, tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀, tó máa ń nù lójoojúmọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Orogún ni mo ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ọkọ kú, orogún kù sí mi lọ́rùn. Ọdún méjì ló ti wà lábẹ́ tapólì nínú gáréèjì. Lónìí mo ká tapólì kúrò. Mo sọ nídìí oúnjẹ pé èmi ni n ó gùn ún lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin létí òkun. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ àbúrò mi ti kọṣẹ́, kò lè wá. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí a ti rí ara wa kẹ́yìn. Bí a bá ń dúró de ara wa, ilẹ̀ ni yóò gbà wá.

Ọmọ mi ní rárá. Kí n wọ bọ́ọ̀sì. Láti òní lọ, Ọ̀gá Rárá ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Ìyàwó ní òun kò lè pe ọkọ òun bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ló ní kó pè é? Kíkọ ni mo ní kó kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gbé búrẹ́dì káàkiri lórí alùpùpù kékeré. Oyún méjì ni mo gbé gùn ún. Ọ̀gá Rárá wà nínú ọ̀kan. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí — n kì í ṣe òkú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

A lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀ṣọ́ alùpùpù. Ẹni tó ń tajà ń bi Ìyàwó bóyá ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ gùn ún. Mo ní èmi ni. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Mo ní ọjà rẹ̀ ni kó máa wò.

Mo mú gíláàsì iwájú, gíga bí fèrèsé. Iná méjì. Irin ààbò tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àpótí irin mẹ́ta, méjì fún ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fún òkè ẹ̀yìn. Bí mo ṣe ń yan ìkòkò ni mo ṣe yàn wọ́n: mo fi ìka lù wọ́n. Àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń dún bí igbá. Mo mú èyí tó nípọn. Ìyàwó fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdérí rẹ̀. Mo ní àpótí kì í ṣe lẹ́tà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mẹkáníìkì dé. Ó gé fóòmù ìjókòó kí ẹsẹ̀ mi lè kanlẹ̀. Ó fẹ́ fa ọwọ́ ìdarí sẹ́yìn, ó ń fi apá ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Mo ní ṣé apá rẹ̀ ni mo ń gbé lọ sétí òkun ni? Ó wọn tèmi. Ó de gbogbo ẹrù náà mọ́ ọn. Orogún yọ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Inú mi dùn, n kò fi hàn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Orogún ṣubú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Lánàá n kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ń gùn ún wò ni, ibi tí mo ti fẹ́ yà ní òpin àdúgbò ló ti ṣubú. Mo rọra jù. Ó fì sí ọ̀tún, mo fi í sílẹ̀, mo fò. Irin ààbò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nǹkan kan kò ha ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé e dìde. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e.

Ọ̀gá Rárá ní òun ti rí ẹni tó máa rà á, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń bọ̀. Mo ṣe tán láti bú u. Ó ní, "Màmá, pé ẹ ṣubú kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Bó bá ṣubú níbi tí kò sí ènìyàn ńkọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló dùn mí.

Mo wá ní, "Bí mo bá dá a gbé dìde lójú rẹ ńkọ́?"

Ó ní òun á panu mọ́ nígbà náà. Ìyàwó gbọ́. Ó ti wà nínú ìwé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mẹkáníìkì ní apá kọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Kí n kọ̀yìn sí i, kí n fi ìdí ti ìjókòó rẹ̀, kí n di irin mú lọ́tùn-ún lósì, kí n máa fi itan tì í, kí n máa fẹ̀yìn rìn. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó dé orúnkún, ó padà. Ẹ̀yìn ń dùn mí — Ọ̀gá Rárá kò gbọdọ̀ gbọ́.

Mẹkáníìkì ní, "Màmá, kì í ṣe alùpùpù lẹ̀ ń gbé, ìsọ̀ lẹ̀ ń gbé."

Ìyàwó ka ìdérí àpótí. Ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n kọ sí i. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lófìfo, pẹ̀lú irin tó gbé wọn dúró, ju ìdajì àpò sìmẹ́ńtì lọ. Mo yàn wọ́n bí ìkòkò. Àdògán ló ń ru ìkòkò, ṣùgbọ́n èmi ni n ó gbé àpótí. Àṣìṣe mi ni. Kó kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

A tú wọn. Ti òkè ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ lọ, òun ló ń fà á lulẹ̀ jù. Gíláàsì fèrèsé náà lọ. Irin ààbò dúró, nítorí kì í jẹ́ kó sùn pẹrẹsẹ bó bá ṣubú. Ìyàwó gé tapólì, ó rán àpò méjì fún ẹ̀gbẹ́. N kò bi í pé ẹ̀yìn ta ló wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Olùrà dé, akoto lábíyá. Mo fa ẹsẹ̀ ìdúró ti òsì jáde, kó má baà ré kọjá bó bá dìde. Mo wá fọwọ́ ara mi ti Orogún ṣubú sí ọ̀tún. Olùrà di orí mú.

Mo kọ̀yìn sí i. Àkọ́kọ́, kò mì. Ìkejì, ó dé orúnkún, ó padà. Ọ̀gá Rárá ti ń bọ̀, mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ìkẹta, mo ń fẹ̀yìn rìn, mo ń bú olóògbé lójú gbogbo wọn. Ó dìde. Ó fara ti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Olùrà béèrè iye tí a fẹ́ gbà. Ọ̀gá Rárá wò mí títí. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. A kò tà á mọ́."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Ọ̀gá Rárá ló di géètì mú, ó panu mọ́ bó ṣe ṣèlérí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kó kọ ìyẹn náà, ọkọ rẹ̀ ni, kó kọ ọ́. Ìyàwó ní òun kò gbọ́ mi dáadáa nínú akoto. Èyí tó bá gbọ́ ni kó kọ. Mo ti lọ.