Ẹ Má Fi Àgúnmu Ránṣẹ́ Mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti ń rìn káàkiri ilé, wọ́n ń bá gbogbo wa jà.

Àgúnmu tẹ́ ẹ ní kí n máa lò sí àìsàn ìfun mi ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹ ní ohun àdáyébá kì í pani lára, ni mo bá pa oògùn dókítà tì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni mò ń yà.

Mi ò lò ó mọ́. Mo ti padà sídìí oògùn mi. Mò ń jẹun díẹ̀díẹ̀, mò ń sinmi lọ́sàn-án, oúnjẹ tó bá sì bá mi jà, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí. Àdáyébá nìyẹn náà, dókítà sì mọ̀ sí i. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tójú bá ń tì, kó gbé aṣọ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ míì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, rọ́bà ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ rà.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣàìsàn. Àmọ́ tó bá rẹ̀ yín, màá kọ́kọ́ béèrè bó ṣe ń ṣe yín, kí n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́.

Àbúrò yín