Ìlà Keje: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Ìyá Ojú Fèrèsé

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1960 ni wọ́n bí màmá wa, tí àwọn èrò ọkọ̀ mọ̀ sí Ìyá Ojú Fèrèsé. Aránṣọ ni bàbá wọn, agbẹ̀bí ni ìyá wọn, àwọn sì ni ọmọ kẹta nínú ọmọ márùn-ún. Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1978. Ní ọdún 1984, wọ́n fẹ́ bàbá wa, ẹni tó ń tún aago ṣe, tí kì í sì tètè dé ibi kankan.

Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun gba àárín ìgboro kọjá ní ọdún 1998, màmá wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà láti máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ọ́fíìsì. Yàrá náà há débi pé bí èèyàn méjì bá jókòó, orúnkún wọn á kanra. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, màmá á fa ìlà sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìlà kan fún ibùdókọ̀ kan. Bí ọkọ̀ bá dúró, èrò náà á ka ọ̀kan. Bí ìlà bá tán, á sọ̀kalẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2004 ni bàbá wa kú. Bí màmá ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nílé, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ojú irin ṣí ibùdókọ̀ tuntun kan sáàárín ìkarùn-ún àti ìkẹfà, wọ́n sì lẹ ìwé ìkéde rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tí màmá padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn kò wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà kan ń lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí i pé àìsàn ọmọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti le. Màmá fa ìlà mẹ́fà fún un. Méje ló yẹ kó jẹ́. Ìyá náà sọ̀kalẹ̀ síbi tí kò mọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn títí, ọmọ sì ti dákẹ́ kó tó dé.

Lọ́jọ́ kẹta, ó padà wá, ó ti tíkẹ́ẹ̀tì náà wọlé lábẹ́ gíláàsì fèrèsé. Ó ní, "Mo kà á dáadáa, ọmọ mi. Mẹ́fà ni." Ó bá tirẹ̀ lọ. Màmá sọ fún wa pé ká ní ó bú àwọn ni, ara ìbá tu àwọn.

Láti ìgbà náà, màmá kì í ṣí fèrèsé láìjẹ́ pé wọ́n ti wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ, wọ́n ti wọ̀ ọ́ bọ̀, kí wọ́n lè fojú ara wọn ka ibùdókọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á máa bi wọ́n bóyá ẹnì kan ti jí ọ̀kan gbé. Nílé ìjọsìn, ìyá yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbàdúrà fún, kó tó kan àwa ọmọ. Ó máa ń dùn wá.

Ní ọdún 2018, wọ́n ti ọ́fíìsì náà pa, wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀. Màmá fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n ń fa ìlà fún ẹni tó bá fẹ́, títí ẹsẹ̀ fi kọ̀.

Wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù yìí. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: nọ́ọ̀sì, tíṣà àti awakọ̀; pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́jọ àti àbúrò kan.

Abẹ́ ìrọ̀rí wọn la ti bá tíkẹ́ẹ̀tì ìyá yẹn. Ìlà mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ìkeje, wọ́n ti fi bírò tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀ débi pé ìwé ti fẹ́ ya. A ti fi sí wọn lọ́wọ́.

Bí ẹ bá pàdé ìyá náà lọ́hùn-ún, Màmá, ẹ fún un. Ìlà ti pé. Ẹ sùn un re.