Ìyá Òpó, Tó Kọ́ Òpó Tẹlifóònù Láti Ṣètò Ara Rẹ̀

Ní ọdún 1960 ni a bí olóògbé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Òpó, sí yàrá kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá wọn ń tún rédíò ṣe. Agbẹ̀bí ni ìyá wọn. Kí Ìyá Òpó tó mọ̀wé kà ni wọ́n ti ń tú rédíò oníbàárà palẹ̀, wọ́n sì jẹgba rẹ̀ dáadáa.

Wọ́n gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1983. Lọ́dún kejì, wọ́n fẹ́ télọ̀ tó rán aṣọ ìgboyè wọn. Ọkọ wọn jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ rán an kó fún mọ́ wọn lára ni, kí ẹni tó ni ín lè padà wá.

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, wọ́n di olórí àwọn tó ń gbé òpó dìde, àwọn irin gíga tó ń gbé ìpè kiri. Láyé ìgbà náà, bí òpó bá dúró tán, odi ni, kò lè gbé ìpè kankan. Èèyàn gbọ́dọ̀ rìn débẹ̀, kó fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, kó sì fi àwọn òpó aládùúgbò hàn án. Ojú ọ̀nà di ilé fún Ìyá Òpó. Lọ́jọ́ kan, àbíkẹ́yìn wọn kí wọn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ káàbọ̀ o, àlejò wa." Ọ̀rọ̀ náà gún wọn lọ́kàn.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n tí òpó yóò fi máa ṣètò ara rẹ̀: bí iná bá ti dé, kó kàn sí olú ilé-iṣẹ́, kó gba ètò iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá wọn bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹ fẹ́ kí irin máa ronú ni?" Nígbà àkọ́kọ́, òpó tuntun gbé nọ́ńbà aládùúgbò rẹ̀ wọ̀ bí aṣọ àyálò, ìpè dàrú káàkiri. Ìyá Òpó ò sinmi. Wọ́n kọ́ ọ láti kọ́kọ́ tẹ́tí sí àwọn tó yí i ká kó tó gba nọ́ńbà kankan.

Ní Sátidé kan ní 2006, wọ́n ń rán bọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ wọn nígbà tí fóònù dún. Oníṣẹ́ iná ló ń pariwo lẹ́bàá òpó tuntun kan, lórí òkè tí fóònù kì í ti í ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀: "Màdáámù, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o! Iná lásán ni mo tàn!" Ìyá Òpó jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká, tọkọtìyàwó sì gbàgbé oníbàárà tó dúró de ṣòkòtò.

Láti ìgbà náà, ilé ni wọ́n ti ń jẹun alẹ́. Wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà àdúgbò bí a ṣe ń lo fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn wọn kì í bá ti ẹnikẹ́ni mu, síbẹ̀ àwọn ló ń kọrin sókè jù.

Wọ́n dákẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní 2024. Ọkọ wọn, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje ló gbẹ̀yìn wọn.

Ìyá Òpó, ẹ ṣeun ṣeun. Ilé dùn, ọmọ yó, a sì rẹ́rìn-ín. Ó dàárọ̀ o, ẹ sùn nínú ìmọ́lẹ̀ Olúwa.