Tọ́ọ̀ṣì Fóònù Nínú Yàrá Òkùnkùn

Gwarinpa, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ọkàn mi ò balẹ̀. Wọ́n mú iná lọ lónìí, ni Ìyá Tóbi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọ yàrá tí mo gbin ìrẹsì ìwádìí sí nínú òkùnkùn.

"Dókítà, ẹ má bínú. Tọ́ọ̀ṣì lásán mà ni!"

Mo ṣàlàyé fún un pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó láti jí àwọn jíìnì, ìyẹn èròjà àbínibí tó ń sùn nínú ewé.

"Kai! Ewé náà ò kúkú tíì di aláwọ̀ ewé."

Ojú ò lè rí i, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọ̀la ni ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ń retí ewé tí kò rí ìmọ́lẹ̀ rí. Bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ èsì ìwádìí náà yóò purọ́.

Mo ti fa gbogbo ìrẹsì náà tu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọ̀gá...